Ẹ Gba Àga Yín, Ẹ Fún Mi Ní Ọkọ́ Mi

Rárá o, Norbert, má jókòó síbẹ̀! Orí ẹní ni kí o jókòó sí. Àga kan ṣoṣo tó wà nílé yìí, arúgbó ló ni ín. Kámáràdì Jean-Baptiste, ọ̀gá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ló fi ta arúgbó lọ́rẹ, ó sì ti fi ọ̀dà pupa kọ̀wé sẹ́yìn rẹ̀. Kà á sí mi létí, ìwọ tí o mọ̀wé. "Ìsinmi fún àwọn àgbà wa." Ẹn-hẹ́n! Ìsinmi! Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé tí mo ti ń sinmi, ìdí mi ti kú tán pátápátá.

Kí lo wí? Iṣu? Iṣu wo? Kí ni arúgbó tún mọ̀ nípa iṣu? Jẹ́ n rojọ́ tèmi ná, torí bí mi ò bá rò ó, inú mi á bẹ́, Wàláhì!

Ọdún mẹ́ta, Norbert! Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ ẹ̀yin ará yunifásítì ní ebè kíkọ lóko yín lọ́nà Bessé. Nígbà tí ìjọba ní kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin ohun tí yóò jẹ, ta lẹ sá wá bá? Ṣebí èmi Lùkúmọ́nù ni? Wọ́n ti Kútọnù dé pẹ̀lú bàtà funfun, wọ́n ń di ọkọ́ mú bí ẹni di adìyẹ aláìsàn mú, èmi ni mo ń to ìka wọn sórí igi ọkọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwọ alára, ọmọ Albertine, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ pọ́ńbélé tí Faransé mú kó gbàgbé oko baba rẹ̀, ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ri èèbù mọ́lẹ̀? Dáhùn! Má wo ilẹ̀, ilẹ̀ kọ́ ló kọ́ ọ.

Àfi bí wọ́n ṣe jí lọ́jọ́ kan tí wọ́n ní àwọn fẹ́ bọ̀wọ̀ fún àgbà. Mo ní ó dáa, ọ̀wọ̀ ò pọ̀jù. Wọ́n ní ẹni tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kó fi ọkọ́ sílẹ̀, kó lọ sí rẹtirẹ́ẹ̀tì, kó lọ máa jókòó. Mo ní ta ló lé ní ọgọ́ta? Wọ́n bá yọ ìwé mi jáde. Ìwé! Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe kọ ìwé yẹn? Akọ̀wé tó wá kà wá lọ́jọ́ sí ò bi mí ní nǹkan kan, irun orí mi ló wò, ó ní, "Eléyìí á tó mẹ́rìndínláàádọ́rin," ó sì lu òǹtẹ̀ gbà! Irun tó ti funfun kí n tó gbé Aïssatou níyàwó! Ìdílé wa ni, baba mi ti hewú kó tó bí mi.

Ṣàfíù ńkọ́, tí ẹ fi ṣe gadiyẹ́nì, tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà oko yín? Ó ti fi aró pa irun rẹ̀ kí akọ̀wé tó dé, wọ́n bá kọ ọ́ sí mẹ́tàléláàádọ́ta. Ṣàfíù! Ṣàfíù tó pọ̀n mí! Mo tọ̀ sí i lẹ́yìn nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń ròyìn ẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ gbogbo. Ẹni tó pọ̀n mí ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, èmi tó pọ̀n ni mo di arúgbó. Ṣé ìwé lẹ fi ń kà á ni àbí ọtí?

Ọjọ́ ayẹyẹ náà wá ńkọ́? Yéè! Mo jẹ òkèlè iyán tó kún àwo méjì láàárọ̀, mo fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì rìn dé oko yín, mi ò mí hẹlẹ. Bí mo ṣe yọ báyìí, àwọn ọmọbìnrin méjì bá já sí mi lábẹ́ abíyá, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ́n ń gbé mi lọ bí ìkòkò tó ti sán. Agnès, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù lọ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín, tí mo fẹ́ràn bí ọmọ inú mi, òun ló fẹnu sí mi létí, ó pariwo pé, "BÀBÁ! ṢÉ Ẹ Ń GBỌ́ MI?" Norbert, etí náà ṣì ń hó títí di ọjọ́ kejì. Etí tó ń gbọ́ ìrìn eku lábẹ́ àká!

Wọ́n fi kúbùsù bò mí lẹ́sẹ̀. Nínú oòrùn Ṣábẹ̀ẹ́! Òógùn bò mí, Agnès bá ń nù mí lójú, ó ń sọ fún wọn pé ó ti rẹ Bàbá. Wọ́n gbé ògì dé, kò ní iyọ̀, kò ní ṣúgà, wọ́n ní nítorí eyín mi ni. Mo la ẹnu kí n sọ fún wọn pé eyín mi pé méjìlélọ́gbọ̀n, ṣíbí ti wọlé!

Jean-Baptiste wá dìde, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì mọ ọ̀nà tí yóò gbà jáde. Ó ní "Ehuzu!", wọ́n ní "Dandan!", igbe àyípadà ìjọba wọn nìyẹn. Ó fi odidi wákàtí kan là wá lóye pé arúgbó kì í ṣe ẹrù, pé ọgbọ́n àgbà ni ìṣúra yunifásítì. Mo nawọ́ sókè pé mo ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu. Wọ́n ní kí n sinmi.

Ibi tó dùn mí jù rèé o. Wọ́n gba ọkọ́ mi lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e kọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn ìpàdé, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ohun èlò àwọn baba ńlá wa." Baba ńlá ta ni? Ọkọ́ tí alágbẹ̀dẹ Boni rọ fún mi ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn! Ọkọ́ tí mo lò lánàá ọjọ́ yẹn, tí iyẹ̀pẹ̀ tútù ṣì wà lẹ́nu rẹ̀! Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má nù ún, kó lè jọ ti àtijọ́. Mo délé, mo sunkún. Bẹ́ẹ̀ ni, sọ fún ẹni tó bá wù ọ́, mo sunkún débi tí Aïssatou fi rò pé ẹnìkan ló kú.

Ẹ̀yìn èyí lẹ wá fọba lé e. Ǹjẹ́ kí ni mo máa ń sọ fún yín lójoojúmọ́? Ẹ dé ebè ní fìlà! Bí a bá ti ri èèbù mọ́lẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a ó da koríko gbígbẹ lé orí ebè, a ó fi ògúlùtu tẹ̀ ẹ́, kí oòrùn má bàa se èèbù nísàlẹ̀. Mo sọ ọ́ títí tí ẹ fi sọ mí ní Bàbá Onífìlà. Ni Jean-Baptiste bá gbọ́ pé àwọn àlejò ńlá ń bọ̀ láti Kútọnù, ó wo koríko orí ebè, ó ní ìdọ̀tí ni. Ìdọ̀tí! Ẹ ṣí fìlà lórí ẹgbẹ̀ta ebè, ẹ gbá oko bí ẹni gbá ààfin, ẹ dáná sun koríko! Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́, wọ́n ní oko ń dán. Iṣu ń sè nínú ilẹ̀, ẹ ń pàtẹ́wọ́!

Ta ló sọ fún mi? Ojú mi ló rí i. Lánàá, kí oòrùn tó yọ, mo ru koríko, Aïssatou ru koríko, a ní ká tún un dé kó tó pẹ́ jù. Ta ló dínà mọ́ wa? Ṣàfíù! Ó ní ẹni rẹtirẹ́ẹ̀tì ò gbọdọ̀ wọ oko, kó má lọ rẹ̀ mí. Ọ̀pá ló ń tẹ̀ bọ̀ wá bá mi, Norbert, ọ̀pá tí ẹ̀yin fún mi lọ́jọ́ ayẹyẹ tí mo fi ta á lọ́rẹ!

Ẹn? Jean-Baptiste ló rán ọ níṣẹ́? Ó ní ebè mélòó ló ti kú? Kò mọ̀! Báwo ni yóò ṣe mọ̀? Agnès ńkọ́? Ó jókòó sáàárín ebè, ó ń sunkún, kò gbà fún ẹnikẹ́ni? Kó sunkún dáadáa. Ó yẹ kó sunkún.

Ṣé ó ti jẹun? Má dá mi lóhùn, mi ò bi ọ́ ní nǹkan kan.

Wò ó, dìde lórí ìkúnlẹ̀, eékún rẹ á bó. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè, mi ò bá iṣu jà. Bí a bá débẹ̀ kí oòrùn tó mú, ìdajì á yè, bóyá ó lé. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ẹ ní kí n jókòó, mo jókòó, òǹtẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin mẹ́rin ni yóò gbé mi tàga-tàga, Jean-Baptiste á di ẹsẹ̀ iwájú mú, ẹ ó sì gba ojú ọ̀nà ńlá. Bí a bá dé ọ̀dọ̀ Ṣàfíù, kó ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì, kó sì kí mi kú iṣẹ́. Ẹ ó sọ̀ mí kalẹ̀ níwájú gbọ̀ngàn, ẹ ó já ọkọ́ mi bọ́ lára ògiri, ẹ ó sì gbé àga yìí kọ́ sójú ibẹ̀. Ẹ má pa ohun tí ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀ rẹ́ o! Ohun èlò àwọn baba ńlá yín!

Ó ń rẹ́rìn-ín! Ẹ wo ọmọ Albertine! Àwọn wo ló ń sáré bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán yẹn, tí òógùn bò wọ́n? Ṣé Jean-Baptiste kọ́ nìyẹn, tó bọ́ bàtà sọ́wọ́? Hà! Hà-hà! Aïssatou! Aïssatou o! Kó koríko ẹ̀yìn ilé wá, kó o lé mi lẹ́sẹ̀, má gbàgbé kúbùsù mi, wọ́n fẹ́ gbé arúgbó lọ síbi iṣẹ́!