Nọ́ńbà Tẹlifóònù Wa Kò Dé Ṣakí

Kí n jókòó ṣe kí ni? Ọ̀gá Ìyápọ̀, ẹ má ní kí n jókòó! Ìgbà kẹrin rèé tí mo ń wọ ọ́fíìsì tẹlifóònù yín yìí, ẹ tún fẹ́ lé mi padà sí Ìṣẹ́yìn? Àwọn ti Ìṣẹ́yìn ní ìwé nọ́ńbà wa ti dé Ṣakí, ẹ̀yin ní kò dé, nígbà tó wá dé, ẹ ní orúkọ inú rẹ̀ kì í ṣe orúkọ ọkọ mi. Èwo ni kí n mú níbẹ̀? Háà, mo mà dáràn o!

Ṣebí nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá ọkọ mi dùbúlẹ̀, tí ahọ́n rẹ̀ ò yí mọ́, la kó ẹrù kúrò ní Ìṣẹ́yìn wálé sí Ṣakí, mo sì ní kí wọ́n fi nọ́ńbà wa ránṣẹ́ tẹ̀lé wa. Akọ̀wé Ìṣẹ́yìn, ọmọ ọlọ́mọ tí kò gbọ́ Yorùbá tó kúnná, ó bi mí pé kí lorúkọ ọkọ mi. Kí ni kí aya ilé sọ? Ọgbọ̀n ọdún, n kò forúkọ pè é rí! Mo ní Olówó-orí mi ni. Àṣé ó ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: Ọ̀gbẹ́ni Olówóorí! Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ máa rín in lọ.

Ládòkun ni. Ó tán? Mo ti pè é, kí Ọlọ́run Ọba dárí jì mí. Ẹ wá ní ẹnu mi kò tó, òun fúnra rẹ̀ ni kó lọ tọwọ́ bọ̀wé, ní Ìṣẹ́yìn! Ìṣẹ́yìn sì ní àwọn ti pa wá rẹ́ nínú ìwé àwọn. Ṣé kí n gbé e sórí ni?

Gbogbo Jímọ̀ ni Àdìjátù ọmọ mi ń pè wá láti Kánò, níbi iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, èmi ò sì ní nọ́ńbà ibẹ̀. Ìṣẹ́yìn ń sọ fún un pé a ti lọ Ṣakí, ẹ̀yin ń sọ fún un pé kò sí Ládòkun lọ́dọ̀ yín. Ọmọ ti gbà pé baba òun kú, pé a fi pa mọ́ fún òun. Lẹ́tà rẹ̀ dé lánàá: bí òun ò bá gbọ́ ohùn wa ní Jímọ̀ yìí, òun á wọ lọ́rì wálé. Pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ! Láti Kánò! Òní sì ni Jímọ̀. Wàláì, bí nǹkan bá ṣe ọmọ yìí lọ́nà, ẹ̀yin àti Ìṣẹ́yìn ni màá kà á sí lọ́rùn.

Kí n jáde? Èmi? Ẹ wò ó, mo ti jókòó sílẹ̀ báyìí. Ẹ pe ọlọ́pàá bó bá wù yín. Bí Kánò bá pè, ẹ ò gbọdọ̀ ṣí ìwé kankan wò...

Ó ń dún! Ọ̀gá, ó ń dún, ẹ gbé e! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bèèrè orúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ ṣáà gbé e fún mi.