Ohun Tí Mo Ṣe Sí Ọkọ̀ Màmá Agbẹ̀bí

Ẹ̀yin ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì tí ẹ wá sípàdé ẹgbẹ́ wa lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ ní mò ń fẹ̀yìn tì, ẹ sì ń pè mí ní Dókítà Ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi fún ọdún mẹ́ta. Bí n kò bá sọ ọ́ lónìí, olè ni mí nínú ìyìn tí ẹ ń yìn mí yìí.

Gbogbo yín mọ Màmá Agbẹ̀bí, tó ń wa ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ eérú kiri láti ilé aboyún kan dé òmíràn. Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó gbé ọkọ̀ wá, ó ní ooru kò jáde mọ́. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Omi rẹ̀ pé, ẹ́ńjìnnì ń gbóná bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n nínú páìpù méjì tó ń gbé omi gbígbóná wọ inú ọkọ̀, ọ̀kan gbóná, èkejì tutù bí òkúta odò. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn ń sọ: rédíétọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ti dí. Mo tú dáṣíbọ́ọ̀dù, mo pààrọ̀ rẹ̀. Ibi tí mo ti ń to dáṣíbọ́ọ̀dù padà ni mo ti kánjú, tí mo fi ṣẹ́ apá ike kan báyìí, tí kò ju ìka ọmọdé lọ. Apá yẹn ló ń ṣí ilẹ̀kùn atẹ́gùn gbígbóná níhà awakọ̀. Dípò kí n ní, “Màmá, mo ba nǹkan jẹ́, ẹ fún mi lọ́jọ́ méjì,” gọ́ọ̀mù ni mo fi lẹ̀ ẹ́. Ta ló fẹ́ gbọ́ pé Dókítà Ọkọ̀ ṣe àṣìṣe?

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Màmá padà dé. “Dókítà, ẹsẹ̀ mi ń tutù. Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń làágùn, èmi ń gbọ̀n.” Lójú ẹsẹ̀ ni mo mọ̀ pé gọ́ọ̀mù ti tú. Ṣùgbọ́n kí n tún dáṣíbọ́ọ̀dù tú lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi? Mo ní kí ó bọ́ sórí àga kejì, ti ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, mo fa ọwọ́ rẹ̀ síbi tí atẹ́gùn ti ń jáde.

“Ṣé kò gbóná, Mà?”

“Ó gbóná.”

“Ọkọ̀ ti sàn nìyẹn. Ara àgbà ni, Mà. Ẹ̀jẹ̀ kì í sáré bíi ti àtijọ́ mọ́.”

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. “Bóyá lóòótọ́ ni,” ló wí.

Ó tún wá lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ohun kan náà ni mo sọ. Nígbà tó yá, ó ti ń tọrọ gáfárà kó tó ṣàlàyé ohun tó gbé e wá. Ó lọ rí dókítà èèyàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọn kò rí nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà á.

Èyí tó burú jù ló kù. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ má fi pa mọ́ fún wa. Ìyá wa ní ọkọ̀ ń tutù, ẹ̀yin ní ó gbóná. Bó bá jẹ́ pé ọpọlọ wọn ló fẹ́ dàrú, a ò lè jẹ́ kí wọ́n máa gbẹ̀bí fún ọmọ ọlọ́mọ. Ṣé ọkọ̀ yẹn ní àléébù?” Omi ti lé sójú àbúrò rẹ̀. Mo nu ọwọ́ mi. Mo ní, “Ọkọ̀ kò ní àléébù. Ìyá yín ni kí ẹ tọ́jú.” Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo fi idà lé wọn lọ́wọ́. Ọjọ́ náà ni wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ogójì ọdún tó ti ń gbẹ̀bí parí síbẹ̀.

Àkọ́bí ló wá ń wa ọkọ̀ náà. Kò pé oṣù kan tó fi dé: “Ọ̀gá, ẹsẹ̀ tèmi náà ń tutù o.” Mo rán àwọn ọmọ iṣẹ́ jáde, mo fi apá tuntun sí i. Kò gbà mí ju ọ̀sán kan lọ. Mo purọ́ fún un pé fíùsì kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jó. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ kí Màmá nílé. Ó nawọ́ sí súwẹ́tà, ó dáwọ́ dúró, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀ obìnrin. “Jọ̀ọ́, bá mi wò ó, ṣé òtútù ń mú?” Ọmọ ní, “Ó ń mú, Mà.” Ìgbà náà ló tó wọ̀ ọ́. Mo béèrè ìdí rẹ̀. Ó ní, “Ara mi ń purọ́ fún mi. Ìwọ gan-an lo kọ́kọ́ rí i.”

N kò lè gbé e mì. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

“Òtútù ń mú mi nígbà náà?”

“Ó ń mú yín, Mà.”

“Ní gbogbo ìgbà yẹn?”

“Ní gbogbo ìgbà yẹn.”

Ọmọ rẹ̀ dìde, ó ní kí n jáde. Màmá ní kí ó fi mí sílẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kí n tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí àkọ́bí òun gbọ́ ọ létí ara rẹ̀. Kò sọ pé òun dárí jì mí, n kò sì tíì lẹ́nu láti béèrè.

Ìrọ̀lẹ́ òní ni àkọ́bí ń dúró dè mí. Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí oníbàárà bá sọ fún yín pé òtútù ń mú òun nínú ọkọ̀, àga tí òun gan-an ń jókòó sí ni kí ẹ lọ jókòó sí.