Àmì Kékeré Tí Mo Fi Ba Iṣẹ́ Thea Jẹ́

Maren ọmọ mi, fa àga yẹn mọ́ra kí o jókòó. Dókítà ti sọ òótọ́ fún mi láàárọ̀ yìí pé ọjọ́ mi ò pọ̀ mọ́, èmi náà á sọ òótọ́ tèmi kí ilẹ̀ tó ṣú bá mi. O ní ọ̀la lo máa kọ̀wé sí yunifásítì pé o ò wá mọ́, torí ìyá àgbà rẹ ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ò sí nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Irọ́ ni. Èmi Lyle tí ẹ ń pè ní ọ̀rẹ́ ìdílé, èmi ni mo pa irọ́ náà fún un.

Ní ọdún 1984, èmi àti Thea, ìyá àgbà rẹ, jọ ń ṣiṣẹ́ ní Palo Alto. Ìkarahun là ń kọ nígbà náà: ètò kọ̀ǹpútà tó mọ bí a ṣe ń ronú, àmọ́ tí kò tíì mọ nǹkan kan. Da ìmọ̀ dókítà sínú rẹ̀, á máa wádìí àìsàn. Da ti mẹkáníìkì sí i, á máa yẹ mọ́tò wò. Èmi kọ tèmi, Thea kọ tirẹ̀, ọ̀gá wa sì ní ọ̀kan ṣoṣo ni òun máa tà. Tèmi ń wọ́ bí ìgbín. Tirẹ̀ yá, bí o bá sì bi í pé kí ló dé tó fi sọ bẹ́ẹ̀, á ṣàlàyé ara rẹ̀ yékéyéké. Ìlara ń jẹ mí bí ìdin. Tí wọ́n bá yìn ín, ẹ̀rín ẹ̀tàn ni mo máa ń rín.

Ọ̀gbẹ́ni Vasco Pimentel ló fún un ní ìmọ̀ tó dà sínú tirẹ̀. Òun ni ọ̀gá àwọn tó ń se èso inú agolo ní ilé-iṣẹ́ kan ní San Jose, ó sì kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Thea á bi í léèrè, á sọ ìdáhùn rẹ̀ di òfin, á wá fi nọ́ńbà sí òfin kọ̀ọ̀kan láti fi hàn bó ṣe dájú tó. Bàbá náà máa ń gbé búrẹ́dì aládùn tí ìyàwó rẹ̀ yan wá, á ní Thea ni kó kọ́kọ́ bù ú, torí ó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ òun yé. Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì lásán-làsàn yẹn pàápàá dùn mí dé egungun. Ẹ ò rí ayé mi!

Lọ́jọ́ tí àwọn olówó ilé-iṣẹ́ agolo náà máa wá wo iṣẹ́ rẹ̀, Thea lọ jẹun ọ̀sán, ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ti ẹ̀rọ rẹ̀ pa ti pe àwa yòókù lólè nìyẹn. Mo jókòó sí àyè rẹ̀, mo fi àmì ìyọkúrò kan síwájú nọ́ńbà kan. Òfin tó ń sọ pé ó dájú pé ọ̀nà ooru, ìyẹn páìpù tó ń gbé ooru lọ sídìí agolo, ń jò wá di èyí tó ń sọ pé ó dájú pé kò jò.

Àwọn àlejò dé, Pimentel náà bá wọn wá, wọ́n sọ fún ẹ̀rọ pé èso ń bàjẹ́ nínú agolo. Ẹ̀rọ ní ọ̀nà ooru ò jò rárá. Pimentel ní kí wọ́n bi í pé kí ló dé. Òfin náà jáde lójú ẹ̀rọ, orúkọ Pimentel wà níbẹ̀ pé òun ló sọ ọ́, ti Thea náà wà níbẹ̀ pé òun ló kọ ọ́.

“Thea,” ni bàbá náà wí jẹ́ẹ́jẹ́, “ìgbà wo ni mo sọ èyí fún ẹ?”

Àwọn olówó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá náà mú fìlà rẹ̀, ó jáde, kò sì padà sọ́dọ̀ wa mọ́.

O rò pé ìyẹn ló burú jù? Nígbà tí Thea sin àwọn àlejò dé ìdí mọ́tò, mo sáré yọ àmì náà kúrò. Ó padà wọlé, ó bẹ̀ mí kí n bá òun wá àṣìṣe náà. A bi ẹ̀rọ, ó dáhùn dáadáa. A tún bi í, ó tún dáhùn dáadáa. Thea yíjú sí mi.

“Lyle, má tàn mí o. Ṣé orí mi ò pé ni?”

Mo gbé ọwọ́ lé e léjìká, ọwọ́ tí mo fi ṣe é gan-an. Mo ní, “Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni Ọlọ́run dá iṣẹ́ yìí mọ́.”

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Tèmi ni wọ́n tà, kò sì pẹ́ tí kò fi sẹ́ni tó rà á mọ́.

Ọmọ mi, bí ẹnì kan bá mọ nǹkan ṣe jù ọ́ lọ, sún mọ́ ọn kí o kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Má ṣe bí mo ti ṣe. Ìyá àgbà rẹ ń gòkè bọ̀ báyìí láti wá mú ọ lọ sílé. Mi ò ní kí o bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹnu ara mi ni màá fi sọ ọ́ fún un, bó bá sì fẹ́ gbá mi létí, má dì í mú. Ṣáà ṣílẹ̀kùn fún un.