Àga Tí Mi Ò Kàn

Ikú ni adájọ́ dá fún mi, ikú okùn. Mo wà nínú yàrá kan tó jẹ́ pé bí mo bá na apá méjèèjì, ọwọ́ mi á kan ògiri lọ́tùn-ún àti lósì. Kò sẹ́ni tó sọ ọjọ́ fún mi. Bí bàtà wọ́dà bá ń dún bọ̀ láàárọ̀, èmi àgbàlagbà tí irùngbọ̀n mi ti funfun, màá sá lọ lóṣòó sẹ́yìn ike omi, bíi pé ẹni tó fẹ́ yẹgi fún mi ò ní lè wo ẹ̀yìn ike. Bó bá gbé ẹ̀wà kalẹ̀ tó bá tirẹ̀ lọ, màá jáde, màá gbọn ṣòkòtò mi, màá ní ẹ̀rù ò bà mí. Ẹni tá a jọ ń gbé yàrá náà á ní, "Bọ̀dá, ẹ rọra o, ẹ fẹ́ẹ̀ da omi wa nù."

Mi ò ní sọ orúkọ mi. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń jẹ́ orúkọ bàbá wa ní Ọ̀yọ́, ojú sì ti tì wọ́n tó. Káfíńtà ni mí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà dé, mo sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan lẹ́bàá Ọjà Akẹ̀sán.

Ohun tó gbé mi dé ibí, ó kéré nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan ní ká bá òun kan àpótí ìdáná, ọ̀gá gbé iṣẹ́ náà fún mi. Ọjọ́ tá a dá fún ìyá náà pé, mi ò tíì gé pákó rárá. Ẹnu mi kàn ṣí ni: "Màámi, ó ti parí o. Ó ku ká fi sànpépà pa á lára." Ìyá rẹ́rìn-ín, ó súre fún mi, ó lọ. Kí n má parọ́ fún yín, irọ́ yẹn dùn. Mo rí i pé èèyàn lè fi ẹnu kan àpótí. Àṣé ọ̀gá ń gbọ́ mi láti ẹ̀yìn ilé.

"Ọjọ́ mélòó ló kù fún ìyá yẹn láyé?"

Mo ní, "Ọ̀gá, báwo lèmi ṣe máa mọ̀?"

"O ò mọ̀, o wá ń bá a ná an."

Àwọn ẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo fi dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀, ọwọ́ mi ti mọ iṣẹ́ dáadáa, ẹnu mi sì mọ̀ ọ́n ju ọwọ́ lọ. Mo ní ṣẹ́ẹ̀tì kan tí mo máa ń fi kọ́ ẹnu ọ̀nà, kí oníbàárà lè rò pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Èmi á sì wà lọ́dọ̀ fọganáísà tó ń lẹ táyà lódìkejì títì, a ó máa ta ayò. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, pásítọ̀ wa wàásù pé ọjọ́ èèyàn níye, pé ẹni tó gbọ́n á máa kà wọ́n níwájú Ọlọ́run. Kò sẹ́ni tó ṣe àmín tó tèmi ní ìlà ẹ̀yìn. Mo rò pé àwọn arúgbó iwájú ló ń bá wí.

Ó wá di ọjọ́ kan, bàbá kan wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Tíṣà ni wọ́n ń pè é; ó ti fẹ̀yìn tì, ó sì jẹ́ díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ẹnì kan ló júwe mi fún un, mi ò mọ ohun tí Tíṣà ṣe fún onítọ̀hún. Ó já pákó ìrókò sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Igi oko bàbá rẹ̀ ni, ó ti wà ní àjà láti ọjọ́ pípẹ́, Tíṣà sì ti fi irin gbígbóná kọ orúkọ bàbá náà sídìí pákó kọ̀ọ̀kan.

"Káfíńtà, ìyàwó mi ni. Àyà ló ń dùn ún. Bó bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀, èémí á há. Dókítà ní kó máa sùn níjòókòó. Kan àga kan fún un, kí ẹ̀yìn ẹ̀ ga, kí apá ẹ̀ gbòòrò."

"Ọ̀sẹ̀ méjì, sà."

"Má jẹ̀ẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ o. Ọjọ́ tó kù fún un ò pọ̀."

"Sà, ẹ gbà pé màámi ti jókòó sórí ẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ ńlá dé. Wọ́n ń kọ́ ilé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní àdúgbò Under G, l'Ógbómọ̀ṣọ́, èmi ni wọ́n gbé gbogbo ilẹ̀kùn ibẹ̀ fún. Pákó onílé ò tètè dé, ó sì ń kánjú. Mo wo pákó Tíṣà tó fẹ̀yìn ti ògiri. Mo ní kí n yá a ná, bí ti onílé bá dé, màá dá a padà. Ìlú Tíṣà gan-an ni mo gbé pákó Tíṣà lọ, mo fi ń ṣe férémù. Ẹ rí i pé mi ò tilẹ̀ gbọ́n tó olè gidi.

Bó bá pè mí, màá ní, "Sà, ó ku fáníìṣì." Oṣù kan lọ. Èkejì wọlé. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ gba fóònù. Mo kọ́kọ́ gbọ́ bó ṣe ń mí kó tó sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, ṣé lóòótọ́ ló ku fáníìṣì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, màámi. Ọlọ́run á wò yín sàn o."

"Fi fáníìṣì sílẹ̀. Gbé e wá bẹ́ẹ̀. Orí bẹ́ǹṣì ni mò ń sùn, ìdí ti fẹ́ pa mí ṣáájú àyà."

A jọ rẹ́rìn-ín. Mo pa fóònù, mo ń bá férémù mi lọ. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni àga yẹn ì bá gbà mí: ọ̀kan fún gígé, ọ̀kan fún kíkàn, ọ̀kan fún dídán. Ojoojúmọ́ ni mò ń kàn án nínú yàrá yìí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo wà ní yàrá òkè ní Under G. Mo ti fi ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́ sí ẹnu ọ̀nà yàrá náà, mo ń kan férémù ilé ìwẹ̀ inú rẹ̀ lọ́wọ́. Ni Tíṣà bá wọlé. Fọganáísà ló júwe ibẹ̀ fún un. Ojú rẹ̀ wú.

"Káfíńtà, ìyá ti lọ lánàá."

"Háà! Ẹ kú ará-fẹ́ra-kù, sà."

"Orí bẹ́ǹṣì ló kú sí. Gbé àga náà fún mi bó ṣe wà. Mo ṣèlérí fún un pé igi bàbá mi ló máa sinmi lé. Màá tú u, màá fi kan pósí."

Mo ní, "Ó wà l'Ọ́yọ̀ọ́, sà. Fáníìṣì ẹ̀ ò tíì gbẹ ni." Obìnrin ti kú tán, èmi ṣì ń kun fáníìṣì.

Ó ní ká jọ máa lọ. Ó rẹ̀ ẹ́, ó fọwọ́ ti férémù, ìka rẹ̀ sì bọ́ sórí orúkọ bàbá rẹ̀. Ó fi ìka tọ àwọn lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní á-bí-dí.

"Olè ni ẹ́?" Ó rọra sọ ìyẹn. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí fèrèsé ẹ̀yìn ilé. "Olè! Ẹ gbà mí o! Olè rè é o!"

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ariwo yẹn ń fà nílẹ̀ wa. Mo ti rí ẹni tí wọ́n fi táyà sí lọ́rùn rí. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀nà ẹ̀yìn ilé nísàlẹ̀. Ó lè jẹ́ búrẹ́dì ni wọ́n ń lọ rà. Òòlù wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo lù ú lórí, kó sáà lè dákẹ́.

Ó ṣubú, kò kú. Ó lajú. Ó ní, "Káfíńtà, jọ̀ọ́, gbé mi lọ sọ́sibítù." Ọsibítù ò jìnnà, kẹ̀kẹ́ sì wà lẹ́nu géètì. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo sọ fún un? Mo ní, "Ẹ ní sùúrù díẹ̀, sà, mò ń bọ̀." Mo ti ilẹ̀kùn, mo yí kọ́kọ́rọ́, mo lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn.

Wákàtí mẹ́ta ni mo fi jókòó. Mo ń rò ó bóyá kí n sá, bóyá kí n gbé e, mi ò ṣe ọ̀kankan. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń fi èékánná ha ilẹ̀kùn. Ẹ̀ṣọ́ géètì gòkè wá.

"Ẹ̀gbọ́n, bàbá tó wá bá yín ńkọ́? Oníkẹ̀kẹ́ tó gbé e wá ṣì ń dúró."

"Ó ń sinmi. Ó máa tó sọ̀kalẹ̀."

"Ṣé kí n bá a wá omi?"

"Má yọ ara ẹ lẹ́nu."

Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn lọ́sàn-án, èékánná ò ha nǹkan kan mọ́.

Mo sá padà sí Ọ̀yọ́. Nígbà tí ọlọ́pàá dé ṣọ́ọ̀bù, mo kó sínú kọ́bọ́ọ̀dù oníbàárà kan tó ti ń wá a láti ọdún tó kọjá. Mo ti gbàgbé pé mi ò tíì fi ilẹ̀kùn sí i. Ọlọ́pàá dúró níwájú mi. "Bàbá, ẹ jáde. A ti ń wò yín."

Ní kóòtù, dókítà ní ká ní wọ́n gbé Tíṣà dé ọsibítù láàárín wákàtí kan, ó ṣeé ṣe kó ti yè. Adájọ́ ní òun gbà pé ẹ̀rù ló gbé òòlù, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í gùn tó wákàtí mẹ́ta. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n sin tọkọtaya.

Pásítọ̀ kan máa ń wá síbí. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ bi mí bóyá mo fẹ́ kí Jésù dárí jì mí, mo ní kó jẹ́ kí n rò ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní, "Nínú yàrá yìí?" Ojú tì mí, mo kúnlẹ̀. Mo gbà pé Olúwa ti dárí jì mí. Mi ò ṣiyèméjì sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ti bẹ̀ ẹ́ kó fún mi ní wákàtí mẹ́ta yẹn padà, mo ti sunkún débi tí ohùn mi fi há. Kò sí nínú ohun tó ń dá padà. Tíṣà ò dìde.

Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí mi ò mọ̀ rí, kì í ṣe gbogbo yín lẹ máa fi òòlù lu èèyàn. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú yín tí ẹnì kan ò dúró dè: ìyá tó fẹ́ gbóhùn yín, aláìsàn tẹ́ ẹ ní ẹ máa wá wò, ẹni tẹ́ ẹ ṣẹ̀, Ọlọ́run tó ń pè yín. Àsìkò tẹ́ ẹ ń fi falẹ̀ kì í ṣe tiyín nìkan. Bó o bá ti rántí ẹni tìrẹ bó o ṣe ń ka èyí, fi ìwé yìí sílẹ̀. Kò dìgbà tó o bá kà á tán. Dìde, máa lọ.