Ohun Tí Mo Kọ Sára Ilẹ̀kùn Akankọ̀

Ẹ gbé mi jókòó. Dókítà ní kí n má sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n dókítà kọ́ ló pààyàn, èmi ni. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fi ẹkún sílẹ̀ ná, ẹ ó rí èyí tó tó sun láìpẹ́. Ìyàwó Jẹ́jẹ́, ìwọ ni mo ránṣẹ́ pè, jókòó síbi tí màá ti máa rí ojú rẹ. Ọkọ rẹ ti lo ọdún mọ́kànlá lẹ́wọ̀n lórí ikú baba akankọ̀, ó sì ku ọdún márùn-ún. Kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ yóò bá a. Mọ́kànlá péré ni tèmi, ó sì ti rẹ̀ mí. Bí mo bá kú láì sọ ọ́, kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ mọ́.

Ẹ mọ̀ pé ọ́fíìsì ètò ilẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́ dọ́jọ́ ogbó. Gbogbo òkè, igbó àti pápá tó yí odò ìlú wa ká, ìjọba ti fòfin dè é pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́lé tuntun síbẹ̀. Etí odò níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ àtijọ́ wà nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo kọ ìlà yẹn sínú òfin: a lè wó wọn, ká sì kọ́ tuntun sórí ilẹ̀ tí èyí àtijọ́ gbà, bí iṣẹ́ bá ti kú pátápátá níbẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ya àwòrán ibẹ̀, àwọn ilé, ọ̀nà ẹsẹ̀, àwọn igi tí a ó gbìn. Mo fẹ́ràn àwòrán yẹn ju ọmọ lọ. Ẹ má bínú, òótọ́ lẹ ní kí n sọ.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò tíì kú níbẹ̀. Ilé pákó kan ṣì wà lẹ́bàá omi, tí baba arúgbó kan ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Òòlù ẹnì kan ṣoṣo ló dá ètò ọdún mẹ́jọ dúró. Nígbà tí mo ka ètò náà sétí àwọn ará àdúgbò nínú ìpàdé, ó dìde, ó ní, “Ọmọ mi, o ní iṣẹ́ ti kú. Ta ló túfọ̀ fún ọ? Èmi ni mò ń ṣe é, mi ò sì tíì gbọ́.” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo gbé ìbínú lọ sílé, mo sì ń bọ́ ọ bí ẹní ń bọ́ ẹran. Baba ní tirẹ̀ gba kóòtù lọ.

Iṣẹ́ wa ní ìlànà. Ká tó wó ilé, òṣìṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ wọlé, kó yẹ gbogbo yàrá wò, kó wá fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé Ó ṢÓFO, kó kọ aago àti orúkọ rẹ̀ sí i. Awakọ̀ katapílà ò gbọdọ̀ sún bí kò bá rí i. Ọkọ rẹ ló ń wa katapílà wa, kì í wò ó lásán, ṣe ló máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ fọwọ́ kàn án. Òun ló dá iṣẹ́ dúró ní ìdajì ọjọ́ nítorí ológbò bímọ sábẹ́ àtẹ̀gùn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Jẹ́jẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a lọ wó àwọn ilé yòókù, mo gba ẹ̀yìn wọ ilé akankọ̀. Irin tí a fi ń sàmì ilẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, “Baba, ẹ kó ẹrù yín, òní ni.” Kò tiẹ̀ wojú mi. Ó ní, “Adájọ́ ní kẹ́ ẹ fi mí sílẹ̀ di oṣù tó ń bọ̀. Kúrò lọ́nà, o ń dí mi nímọ̀ọ́lẹ̀.” Ó fọwọ́ tì mí láyà, kò le rárá. Mo la irin mọ́ ọn léjìká. Ó ké. Mo lè dúró níbẹ̀, èmi ẹni ègbé, mi ò dúró. Mo gbá a lórúnkún, mo gbọ́ bí eegun ṣe dá. Nígbà tó ṣubú, ó di ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi mú, ó ní, “Ọmọ mi, ó tó.” Mo fi irin náà fọ́ ọ lórí. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn wọnú èérún pákó. Mo rò pé ó ti kú. Mo já ṣòkòtò mi gbà, mo jáde, mo tilẹ̀kùn, mo kọ ọ́ sára rẹ̀ pé Ó ṢÓFO, mo kọ aago àti orúkọ mi sí i.

Jẹ́jẹ́ bi mí pé, “Ọ̀gá, ṣé wọn ò ní ká fi ilé baba sílẹ̀ ni?” Mo ní, “Ó ti kó lọ lánàá. Wo ilẹ̀kùn.” Ó lọ fọwọ́ kàn án, ọ̀dà tútù yí i lọ́wọ́. Ó gun katapílà. Bí irin rẹ̀ ṣe kan ògiri, ó paná ẹ́ńjìnnì. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹnì kan ń kànkùn.” Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Èmi náà gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé baba ò tíì kú, mo sì mọ̀ pé bó bá jáde, ó ti parí fún mi. Mo ní, “Omi ló ń gbá ọkọ̀ mọ́ ògiri.” Ó ní, “Kí n wọlé wò ó?” Mo ní, “Ìwọ lo kọ̀wé sára ilẹ̀kùn ni àbí èmi? Ṣe iṣẹ́ rẹ.” Ó ṣe é. Òrùlé wọlẹ̀, igbe kan ta, ó sì dákẹ́.

Ọwọ́ lásán ni ọkọ rẹ fi wú pákó àti ìṣó títí ó fi kan baba. Èékánná rẹ̀ ṣí. Nígbà tí gbogbo wọn ń sáré síbẹ̀, èmi ń ti ilẹ̀kùn náà bọ inú ọkọ̀ ọ́fíìsì. Mo sọ fún adájọ́ pé Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé yẹn kí iṣẹ́ lè yá, wọ́n sì rí ọ̀dà funfun ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó wò mí láàárín kóòtù, ó ní, “Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin ò gbọ́ ìkànkùn yẹn ni?” Mo ní mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Mo gé ibi tí ìwé wà lára ilẹ̀kùn náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dáná fún un, ọwọ́ mi ò gbé e sínú iná. Nígbà tí ẹ̀yìn ń dùn mí, dókítà ní kí n máa sùn lórí ohun tó le. Àkọ́bí mi, ìwọ lò ń pààrọ̀ aṣọ orí ibùsùn yìí láti ọdún mẹ́sàn-án. Gbé mi sórí àga. Ká fóòmù kúrò, pákó ilẹ̀kùn náà nìyẹn lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó máa kọ ọ́ sínú ìwé pé ibì kan ti ṣófo, ẹ wọlé, ẹ pariwo, ẹ dúró gbọ́ ìdáhùn.

Ìyàwó Jẹ́jẹ́, wá gbé e. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀, ọwọ́ mi ni. Gbé e fún adájọ́. Mo bẹ̀ ọ́, bí o kò bá lè dárí jì mí, mi ò ní bi ọ́ pé kí ló dé. Wọ́n ní nígbàkúùgbà tí o bá lọ wo ọkọ rẹ lẹ́wọ̀n, ó ṣì máa ń bi ọ́ bóyá etí òun ló tan òun jẹ. Sọ fún un pé ó gbọ́ dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni baba kànkùn. Mo kà á.