Wọ́n Ní Mo Fúnra Mi Bí I

Wẹ́rẹ́ kẹ̀! Àǹtí, ta ló bí wẹ́rẹ́? Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, kó lè dá mi lójú pé etí mi ò dì. Ẹ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ọmọ yín wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù láti àná, ọmọ dábùú nínú ẹ̀, dókítà ní àfi kí àwọn ṣiṣẹ́ abẹ fún un kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, òun sì ní òun ò tọwọ́ bọ̀wé, torí pé ohun tí wọ́n sọ fún ìyàwó àbúrò ìyá òun náà nìyẹn, síbẹ̀ ó fúnra ẹ̀ bímọ, wẹ́rẹ́, láìsí ọ̀bẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí i lọ́mọ náà ní kó má tọwọ́ bọ̀wé! Ẹ wá sáré wá síbí pé kí n múra, kí n wá jẹ́rìí fún un. Èmi! Ẹ gbà mí o, èmi ni kí n wá jẹ́rìí!

Ẹ jókòó, Àǹtí. Rárá, mi ò ní rọra sọ ọ́. Ọmọ ò ní jí, tó bá sì jí, kó jí. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi ń rọra sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí, kí ló gbé wá fún mi? Ẹ ti yunifọ́ọ̀mù tí mò ń rán yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kẹ́ ẹ jókòó, kó bọ́ sílẹ̀ tó bá fẹ́ bọ́ sílẹ̀, màá tún un ká.

Wọ́n gé mi. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Wọ́n gé mi, Àǹtí! Ọjọ́ kan àtààbọ̀ ni mo fi rọbí, ọmọ ò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn, ọkàn ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, wọ́n ní kí àbúrò yín tọwọ́ bọ̀wé, ó sáré kọ orúkọ ara ẹ̀ ṣì. Wọ́n gé mi, wọ́n gbé ọmọ jáde, wọ́n rán mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tì mí bọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà ni fóònù ẹ̀ dún, ẹ̀yin lẹ pè. Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ tó ní, "Àǹtí, ó ti bí o! Wẹ́rẹ́ ló bí!" Mi ò lè mi ẹsẹ̀, àtìdí lọ sísàlẹ̀ ò tíì mọ̀ pé òun wà lára mi, mò ń wo òkè àjà, mo ní ta ló bí kí ni?

Mo bi í o. Kẹ́ ẹ má sọ pé mi ò bi í. Ohun tó fi dá mi lóhùn ni pé, "Ṣé o ò mọ Àǹtí ni?" Mo sì mọ̀ yín! Ta ni ò mọ̀ yín? Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ dúró láàárín ẹgbẹ́ àdúrà, tẹ́ ẹ sọ fún ìyàwó kápẹ́ńtà tí wọ́n gé pé dókítà ló bímọ, pé òun kàn lọ sùn ni? Obìnrin yẹn gbé ọmọ ẹ̀, ó sunkún lọ sílé. Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run dárí jì mí, torí ẹ̀gbọ́n ọkọ ló dápàárá, ta ni ìyàwó tí ò ní rẹ́rìn-ín? Àbúrò yín rí ohun tójú obìnrin yẹn rí, ló bá sá fún ẹnu yín.

Òun sá fún ẹnu yín, èmi ni mo wá ń ru ẹrù irọ́ ẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin tí mo délé lẹ gbé báàgì yín dé. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ẹ ní kí n dìde, pé ẹni tó fúnra ẹ̀ bímọ kì í sùn bí ọba. Ẹ ní kí n gbálẹ̀. Ẹ ní àga tí mo ń jókòó lé ti ga jù, pé kí n jókòó sórí àpótí kí ìdí mi lè le. Ẹ ní kí n gbé báàfù aṣọ tútù lọ síbi okùn, kí n lọ sá a. Ẹ̀ẹ̀kan péré, Àǹtí, ẹ ò bi mí lẹ́ẹ̀kan péré pé kí ló dé tí mò ń rìn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó jábọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní tá a bá fọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi tòsì fà á mọ́ra. Ọ̀tún nìkan lẹ gbé wá sílé mi!

Báàfù yẹn náà ló ṣe é. Mo gbé e, mo sì gbọ́ ọ, ó dún nínú ara mi bí ìgbà táṣọ ya. Apá òsì ló ti là. Ẹ̀jẹ̀ àti ọyún rin aṣọ tí mo ró, ẹ̀yin gan-an lẹ kọ́kọ́ rí i, ẹ ní kí nìyẹn, mo ní omi ọmú ló dà sí mi lára. Inú yín dùn! Ẹ ní omi ọmú mi pọ̀, ọmọ á yó. Àǹtí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ mẹ́rin, omi ọmú wo ló ń gba abẹ́ ìdodo jáde?

Gbogbo ìgbà tí mo ń sọ pé mò ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, irọ́ ni. Abẹ́rẹ́ wo lọmọ ń gbà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀? Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tó ń wẹ ojú ọgbẹ́ ni mò ń lọ. Á fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ fa aṣọ ti tẹ́lẹ̀ jáde, á tún ki tuntun sínú ihò yẹn bí ẹni ń ki òwú sínú ìrọ̀rí, èmi á fi eyín di etí aṣọ mi mú kí n má baà pariwo. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ ló ń bi mí pé, "Ìyá ọmọ, kí lẹ tún gbé? Ẹran ara yín fẹ́ jinná, ẹ̀yin lẹ ò gbà fún un." Mo ní mi ò gbé nǹkan kan. Mo parọ́ fún nọ́ọ̀sì nítorí yín, mo parọ́ fún yín nítorí àbúrò yín. Tí mo bá délé, màá da páúdà sára kí òórùn ọgbẹ́ má baà jáde, ẹ̀yin á máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé ìyàwó yín ti ń ṣoge.

Oge! Ẹ wo ẹ̀rọ ìránṣọ tó wà lójú fèrèsé yẹn. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ojú ọgbẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fà, àfi kí n máa fọwọ́ yí táyà ẹ̀. Èmi tí mò ń rán aṣọ márùn-ún kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, apá aṣọ kan ló ń gbà mí ní odindi àárọ̀ báyìí.

Kí lẹ wí? Kí ló dé tí mi ò sọ fún yín? Háà! Àǹtí, ẹ tún bi mí! Ẹ̀ bá ti lọ fi mí ṣẹ̀sín níwájú ẹgbẹ́ bíi ti ìyàwó kápẹ́ńtà!

Kí lẹ tún fẹ́ ṣe fún àbúrò yín? Ẹ fẹ́ pè é níbi iṣẹ́, kẹ́ ẹ bú u? Ẹ fi ètè sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá! Ẹ fi àbúrò yín sílẹ̀. Èmi àti ẹ̀ máa jọ yanjú tiwa, ó ṣì máa rí mi. Wọ́n ní bírọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tiwa ò pé ogún ọdún. Ọ̀sẹ̀ méje péré, ó ti fẹ́ pààyàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ò jẹ́ kí n lè jẹun láti ìgbà tẹ́ ẹ ti wọlé. Ọmọ yẹn pè mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ má bínú, ṣé lóòótọ́ lẹ fúnra yín bí i?" Ẹ̀rù wà nínú ohùn ẹ̀, Àǹtí, ẹ̀rù ń ba ọmọ yẹn, ẹni tó lè sòótọ́ fún un ló ń wá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní wẹ́rẹ́ ni. Ẹnu mi yìí! Ọmọ tí mo bá nílé yín, témi fúnra mi sọ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nítorí ìbàdí ẹ̀ tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, tó máa ń bá mi pọn omi nígbà tójú ṣì ń tì mí nílé ọkọ. Ó bi mí, mo sì parọ́ fún un. Tí nǹkan kan bá ṣe ọmọ yẹn, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ̀yin àti àbúrò yín àti èmi, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la pa á!

Ẹ wò ó. Mo ti ká aṣọ sókè, mo ní kẹ́ ẹ wojú ọgbẹ́ yìí! Ẹ má gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ti ń fiṣẹ́ ya á láti ọjọ́ yìí láìwò ó. Ihò yẹn gba ìka méjì tẹ́lẹ̀, ó ti ku ìka kan. Ibi tẹ́ ẹ ń pè ní wẹ́rẹ́ nìyẹn. Ó ń rùn, ó ń ro mí, ó ń yún mi, ṣùgbọ́n ibẹ̀ lọmọ tó sùn yẹn gbà wáyé, tí kì í bá ṣe ọ̀bẹ, ẹ̀ bá ti sin àwa méjèèjì, ẹ̀ bá sì sọ fún ẹgbẹ́ pé Ọlọ́run ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sunkún. Kò sáyè ẹkún. Ẹ nujú, ká máa lọ. Tá a bá débẹ̀, èmi á ṣí aṣọ mi níwájú ẹ̀, màá ní mo parọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin! Ẹ máa sọ fún un pé kó tọwọ́ bọ̀wé, ẹ máa fọwọ́ ara yín fi gègé lé e lọ́wọ́. Ẹ tún máa sọ fún un pé tí wọ́n bá gé e tán, kó sùn, kó sùn dáadáa, kò ní gbé kọ́ọ̀pù omi, ẹni tó bá pè é lọ́lẹ, ẹ̀yin lonítọ̀hún máa kọ́kọ́ bá jà.

Ọmọ ti jí. Rárá o, ẹ má gbé e fún mi, ẹ gbé e sáyà yín. Báàgì ẹ̀ nìyẹn, ẹ gbé òun náà, àti fúláàsì omi gbígbóná tó wà lórí tábìlì. Ó wúwo àbí? Ó wúwo, mo mọ̀. Ẹ máa lọ níwájú.