Èmi Ni Mo Yọ Ìlà Tó Ń Pa Aago

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí n tó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, ó sì ti ń rà. Ẹ̀yin náà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì jáde. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin lẹ mú mi wọ ọ́fíìsì yín, ẹ̀yin náà ni mo sì dà.

Màmá, áàpù orí fóònù tí à ń ṣe nígbà náà ló ń rán àwọn aláìsàn létí oògùn wọn. Bí dókítà bá yí àkókò oògùn padà, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa aago àtijọ́ kí a tó dá tuntun. Ìlà kan péré nínú àṣẹ tí à ń kọ fún kọ̀ǹpútà ló ń pa á. Ẹ̀gbọ́n mi a máa tẹnu mọ́ ọn pé ẹni tó bá dá aago ni kó pa á. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń lé ọmọ lọ pa iná ilé ìdáná.

Ọ̀gá wa ló kọ́kọ́ sọ ọ́ sí mi létí. Ó ní bí iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi bá kù díẹ̀ káàtó, èmi lòun máa fi sípò wọn. Kò rán mi níṣẹ́ o. Ojúkòkòrò ló rán mi. Mo yọ ìlà náà kúrò. Mo rò pé aago á kàn dún lẹ́ẹ̀mejì, àwọn èèyàn á kùn, èmi á sì tún un ṣe bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Àṣé ìyá àgbàlagbà kan wà tó jẹ́ pé bí aago bá ti dún, oògùn ló kàn. Ó lò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ṣubú lulẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n pe gbogbo wa jókòó, ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. Wọ́n ní, "Ìwọ lo yẹ iṣẹ́ yìí wò gbẹ̀yìn. Ṣé mo kọ ìlà tó ń pa aago síbẹ̀, àbí n ò kọ ọ́?"

Mo ní, "Ẹ ò kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Wọn ò jiyàn. Wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n sì lọ. Àbúrò ìyàwó ọ̀gá ló gba ipò náà.

Màmá, ẹ̀gbọ́n mi ò fiṣẹ́ sílẹ̀ fúnra wọn bí wọ́n ṣe sọ fún yín; ọ̀gá ló lé wọn. Wọ́n pa irọ́ yẹn kí ẹ má bàa mọ ohun tí mo ṣe ni. Láti ìgbà náà lẹ ti ń pè wọ́n ní ọ̀lẹ, tí ẹ ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún wọn, wọ́n á kàn máa palẹ̀ àwo mọ́. Mo ti jẹ́wọ́ ní ọ́fíìsì láàárọ̀ yìí, wọ́n sì ti lé mi.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo tọrọ àforíjì. Bí ọkàn yín ò bá gbà á, mi ò ní bínú. Màmá, kí ẹ tó bá mi wí, ẹ kọ́kọ́ bẹ̀ wọ́n. Àwa méjèèjì la fìyà jẹ wọ́n.